Ọjọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Màutín Fẹ́ Fi Omi Dáná

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Àjàrà, ẹ̀fín ló máa ń jí wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Ìyá á ti to ẹja sórí ààrò, ẹ̀fín á ti mú ojú Ìyá fúnra wọn pọ́n, omi á máa dà níbẹ̀ pòròpòrò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí pé bí wọ́n bá ti ní ká lọ ṣẹ́gi, kíá ni inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run wá.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Màutín, tó wà nílé ìwé girama, ni ọ̀rọ̀ ojú Ìyá ká lára jù. Lọ́jọ́ kan ó sáré dé, ó ní tísà àwọn ti kọ́ àwọn pé iná mànàmáná lè pín omi sí afẹ́fẹ́ méjì, àti pé ọ̀kan nínú rẹ̀ ń jó.

"Ìyá, ẹ ò ní fẹ́ná mọ́. Omi la ó máa fi dáná."

Ìyá ní, "Ó dáa, ọkọ mi. Ṣáà kọ́kọ́ lọ pọn omi náà wá."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó tú bátìrì ọkọ̀ tí Bàbá fi ń kó ẹja. Ó bu omi eérú sínú abọ́, torí omi kànga lásán kò hó dáadáa. Ó fi wáyà so bátìrì ọkọ̀ náà mọ́ ọ̀pá dúdú méjì tó yọ nínú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ó ki ọ̀pá méjèèjì bọ omi, ó sì da ìgò oníke kékeré kan dé ọ̀kan. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó wuruwuru. A jókòó tì í títí a fi mu gàrí ọ̀sán, afẹ́fẹ́ inú ìgò kò ju ìwọ̀nba lọ. Ó ṣáná sí i lẹ́nu. Pó! Adìyẹ fò sá.

Ìyá pàtẹ́wọ́. "Ó mà jó lóòótọ́! Ẹja wo ló wá jinná?"

Bọ̀ọ̀dá ti ìka bọ omi. Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ojú rẹ̀ fà ro. "Kì í ṣe gbogbo iná bátìrì ló ń di afẹ́fẹ́. Òmíràn ń bá ooru lọ."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Bàbá fi jáde, tí wọ́n dá bátìrì padà, tí wọ́n fẹ́ lọ kó ẹja ní Gbájì. Ọkọ̀ kọ̀, kò dáhùn. Bàbá wo Bọ̀ọ̀dá.

"Ìwọ tó fẹ́ fi omi dáná, bọ́ sẹ́yìn kí o tì í."

Ó tì í dé títì. Nígbà tó padà dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, orí ẹja tó tóbi jù ni Ìyá bù fún un. Wọn ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Wọ́n kàn ní, "Mo mọ̀ pé torí ojú mi ni."

Lónìí, gáàsì inú sílíńdà ni Ìyá fi ń dáná, Bọ̀ọ̀dá ló rà á fún wọn. Iṣẹ́ iná oòrùn ló ń ṣe kiri Àgbádárìgì. Ó ní ẹ̀rọ tó ń pín omi sí afẹ́fẹ́ ti dára sí i gan-an, àmọ́ kò sí èyí tí kì í fi díẹ̀ nínú iná ṣòfò. Láyé ìgbà tiwa, àárọ̀ dọ̀sán la fi ń mọ nǹkan kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ wa á ti wò ó tán lórí fóònù kí n tó rí awò ojú mi. Wọ́n gbọ́n jù wá lọ, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n n ò tíì rí èyí tó fẹ́ torí tèmi dáná sun omi.