Omi Lára Ògiri

Máíkírósíkóòpù kan ṣoṣo ló wà ní ilé ìwé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, a sì pọ̀ nínú kíláàsì. Bí ẹnì kan bá fojú sí i, àwa yòókù á máa ti ara wa, tíṣà bàọ́lọ́jì á máa pariwo. Ọ̀dọ́kùnrin ni tíṣà yẹn, kò tíì níyàwó, ohun tó bá ń fi àkókò ṣòfò kì í sì í bá a lára mu. Lọ́jọ́ kan ló ní ká kó páálí wá, ká fi dí gbogbo fèrèsé. Ó dá ihò sára páálí kan, ó so dígí mọ́ ìta fèrèsé náà kí oòrùn lè ta sí i, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì gba inú ihò wọlé. Ó wá gbé máíkírósíkóòpù dùbúlẹ̀ sórí tábìlì níwájú ìmọ́lẹ̀ náà, ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri funfun. Ohun tí a ti ń tìtorí ẹ̀ ti ara wa wá hàn gàdàgbà lára ògiri, gbogbo wa sì rí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ti ní kí oníkálukú bu omi tí wọ́n ń mu nílé wá nínú ìgò oògùn. Omi ẹ̀rọ làwọn ọmọ Tákìé gbé wá, àwọn ọmọ Sábó gbé omi kànga. Ní tèmi, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mo ti lo ọlidé, ní abúlé kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé, omi ọ̀gọ̀dọ̀ wọn ni mo sì bù wá. Ìdọ̀tí díẹ̀ ni omi àwọn yòókù fi hàn. Nígbà tó kan tèmi, ògiri kún. Àwọn nǹkan abìrù kan ń ta pọ́ún-pọ́ún, wọ́n ń sáré kọjá níwájú wa, àwọn mìíràn tóbi tó èkúté. Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn, àfi bíi pé èmi ni mo dá wọn.

Tíṣà ò bá wa pàtẹ́wọ́. Ó bi mí bóyá a máa ń sẹ́ omi náà ká tó mu ún, mo ní rárá. Ó ní inú àwọn nǹkan abìrù yẹn ni sòbìà máa ń wà tó fi ń wọ inú èèyàn, pé ẹni tó bá gbé e mì lónìí kò ní mọ nǹkan kan títí di bí ìwòyí ọdún tó ń bọ̀, kó tó lu ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Gbogbo wa la mọ sòbìà. A mọ àwọn àgbẹ̀ tó ń fìdí wọ́ lásìkò iṣẹ́ oko, tí aràn gígùn yẹn ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fi igi ìṣáná ká a. Ohun tí a ò mọ̀ ni pé mímu là ń mu ún. Mo fọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì.

Lẹ́yìn ìyẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ oríṣiríṣi sẹ́ omi náà, tí à ń wo ohun tó bá ṣẹ́kù lára ògiri. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ò dá wọn dúró. Aṣọ funfun kan tó fún dáadáa, tí a ṣẹ́ po, ló jẹ́ kí ògiri ṣófo, òun náà la sì fi rán asẹ́. Tíṣà ní ó yẹ kí abúlé rí ohun tí kíláàsì rí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti òun àtàwọn bíi mélòó kan nínú wa kó ẹrù náà, a wọkọ̀ lọ.

Tíṣà dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ìyá tó bí ìyá mi.

"Ẹ káàbọ̀, tíṣà. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ." Kí a tó jókòó, ó ti bu omi sínú igbá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún un. "Ẹ gba omi, ẹ fi pa òǹgbẹ ọ̀nà."

Mo mọ àmù tó ti bù ú. Tíṣà náà mọ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì gba igbá, ó ń dúpẹ́, ọpẹ́ náà sì ti ń pọ̀ jù. Bóyá ó ń wá ọgbọ́n tó máa fi gbé e sílẹ̀. Èmi ò ní sùúrù.

"Màmá, a ò tíì sẹ́ omi yẹn o."

Màmá wò mí. Àwọn ìyá méjì tó wá kí wa náà wò mí.

"Kí ló wà nínú omi mi?" Ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Ṣé mo lè fún àlejò ní nǹkan burúkú mu ni?"

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kọ omi ìyá àgbà ti pè é ní àjẹ́ láìla ẹnu.

"Ẹ má dá a lóhùn, Màmá, ìwà ọmọdé ni," ni tíṣà wí, ó sì gbé igbá sẹ́nu. Ó mu ún tán. Nígbà tó gbé igbá kúrò, èmi ló kọ́kọ́ wò, kò sì rẹ́rìn-ín.

A ṣì ṣe ohun tí a bá lọ. A dí fèrèsé yàrá Màmá, a so dígí mọ́ ìta, àwọn ará abúlé wọlé wá wo ògiri. Àwọn obìnrin kan di aṣọ wọn mú, wọ́n sún sẹ́yìn. Ẹ̀rù ti ń bà wọ́n, ìyẹn gan-an la sì fẹ́. Ìgbà náà ni bàbá àgbẹ̀ kan béèrè pé, "Tíṣà, ṣé omi tí ẹ mu lẹ́ẹ̀kan nìyí?"

"Òun ni, bàbá."

"Ẹ sì mu ún."

"Mo mu ún, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín, gbogbo yàrá bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba asẹ́, wọ́n dúpẹ́ gan-an. Nígbà tí mo tún padà lọ, gààrí ni wọ́n ń fi asẹ́ náà bò.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà lọ́jọ́ tí tíṣà mu omi náà, mo bi í bóyá oògùn wà.

"Kò sí," ló wí. "Ká máa retí ni."

Wọ́n gbé tíṣà lọ sí ilé ìwé kan ní Ọ̀yọ́ kí sáà tó parí. Mo ń retí, mo ń wo ẹsẹ̀ mi láràárọ̀, mo sì ń ro tirẹ̀. Àkókò tí mò ń bẹ̀rù kọjá, kò sí nǹkan kan lára tèmi. Nígbà tó pé bí ọdún kan tí tíṣà ti mu omi Màmá, mo lọ wò ó ní Ọ̀yọ́. Iwájú ilé ni mo bá a, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà lórí àpótí, ó wú, okùn funfun kan yọ níbẹ̀, igi ìṣáná ti wà lára rẹ̀.

"Ó ti dé," ló wí. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ṣé wọ́n ń sẹ́ omi?"

Mi ò lè parọ́ fún un. "Wọ́n ní ẹ̀yin náà mu ún, sà, pé nǹkan kan ò ṣe yín."

Nígbà tó lè fi ọ̀pá rìn, ó ránṣẹ́ sí mi pé òun ń bọ̀ ní abúlé Màmá, kí àwọn ará ibẹ̀ lè fojú ara wọn rí ẹsẹ̀ òun.

Màmá wo ẹsẹ̀ náà pẹ́. "Tíṣà, ṣé omi mi ni?"

Tíṣà wolẹ̀. "Màmá, omi tí mo ti mu láyé pọ̀. Ta ló lè mọ̀?"

Inú bí mi. Ọkùnrin yìí fẹsẹ̀ wọ́ láti Ọ̀yọ́ wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì tún gbé e mì.

"Tiyín ni, Màmá," ni mo wí. "Omi yín ni."

Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Màmá rọra jókòó sílẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí omi tó wọ inú àmù rẹ̀ tí wọn ò sẹ́, àwọn aládùúgbò sì ń wá yá asẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí Màmá fi kú, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé omi fún àlejò mọ́. Bí èèyàn bá dé, á nawọ́ sí àmù, á ní, "Ẹ bù ú fúnra yín," á sì kọ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí onítọ̀hún á fi mu tán.