Kọ̀ǹpútà Tí Títílọpẹ́ Gbà Padà

Láti ọdún tí Títílọpẹ́ Ṣóbọ̀wálé ti kọ́ iṣẹ́ fọ́tò parí tó sì ṣe fírídọ́ọ̀mù ní Ìgàndó, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń lò. Dúdú ni, ó wúwo bí ọmọ ọlọ, igun rẹ̀ kan sì ti sán. Àwọn Aládùúrà àdúgbò ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Aṣọ funfun kì í sì í rọrùn láti yà: bí oòrùn bá bà á, aṣọ á máa tàn yòò, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Orí kọ̀ǹpútà yìí ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe títí ojú á fi jọ ti ẹni náà gan-an.

Nígbà tó yá, bó bá tàn án láàárọ̀, á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán, á jẹun tán, kò ní tíì ṣí. Ọkọ rẹ̀ bá a ra tuntun. Títílọpẹ́ ò lè gbé ti àtijọ́ jù sórí ààtàn. Ó nù ún mọ́, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní, “O ṣeun. O bá mi jìyà.” Ó wá gbé e fún Festus, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tiwọn, tó ń tẹ̀wé lójú ọ̀nà Ìpájà. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun pa fọ́tò àwọn èèyàn inú rẹ̀ rẹ́, torí bí òun bá ti fẹ́ pa á rẹ́ ni kọ̀ǹpútà náà ń kú. Festus ní òun á ṣe é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Màmá Susanna wọlé wá. Opó ni, àgbà nínú ìjọ Aládùúrà, kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ó yọ ike àgbo kan nínú náílọ́ọ̀nù, ó gbé e sórí tábìlì. Omi inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ń hó, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Fọ́tò Màmá Susanna fúnra rẹ̀ ló wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, nínú sùtánà funfun, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Títílọpẹ́ ló ya fọ́tò náà, níbi ìrántí ọkọ ìyá náà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Àtọ̀sí mi ti lọ pátápátá.

“Ọmọ mi,” ni ìyá náà wí, “ta ni mo sọ fún pé mo ní àtọ̀sí?”

Títílọpẹ́ kúnlẹ̀. Nígbà tí ìyá náà lọ, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba ọ̀nà Ìpájà lọ, torí kò sí ẹlòmíràn tí fọ́tò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bá Festus tó ń jẹ ẹ̀bà. Kọ̀ǹpútà náà wà níwájú rẹ̀, ó ṣí sílẹ̀. Festus ti ṣa fọ́tò àwọn oníbàárà Títílọpẹ́ ní ṣíṣà sára ìwé àgbo tó ń tẹ̀: àwọn arúgbó fún làkúrègbé, àwọn ìyàwó tuntun fún àìrọ́mọbí, àwọn ọmọ ọwọ́ fún jẹ̀díjẹ̀dí. Kò tilẹ̀ dìde. Ó ní àwọn tó ń ra àgbo ò mọ ẹnì kankan nínú wọn. Ó wá fi ìka tí epo ọbẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ tọ́ka sí Màmá Susanna, epo náà sì lẹ̀ mọ́ ojú ìyá náà lórí gíláàsì kọ̀ǹpútà náà.

“Ẹ wo ojú yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ tún un ṣe dáadáa. Ẹni tó bá rí i á gbà á gbọ́.”

Ara Títílọpẹ́ bù máṣọ bí ẹni tí aáyán rìn kọjá láyà rẹ̀. Ó fa wáyà yọ, ó gbé kọ̀ǹpútà náà. Festus ní ṣebí ó ti fún òun.

“Èèyàn ni mo rò pé mo gbé e fún,” ló dá a lóhùn.

Kò gbé e wọlé. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló ti tú u, ó yọ háàdì dísíìkì tí fọ́tò wà nínú rẹ̀, ó fi òkúta fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Kò ṣàánú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó kàn ń ṣe é bí ẹni tó fẹ́ fọ ìdọ̀tí kúrò lọ́wọ́ ni. Ìyókù, ó kó o fún àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́ǹmù.

Àwọn àgbà ìjọ Áńgílíkà pe Festus, ó ní òun ti jáwọ́. Ṣùgbọ́n àgbo tó ti wọ ọjà Ìjẹ̀gùn ò ṣeé kó padà mọ́, Màmá Susanna ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò mọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àlùfáà ní kí kálukú kí ẹnìkejì rẹ̀ ní kíkí àlàáfíà, Festus na ọwọ́ sí Títílọpẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Títílọpẹ́ wo ọwọ́ náà, ó sì lọ jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn.