Bí A Ṣe Yan Ilé fún Ìyá ní Wagadugu

Ẹnu Àlàájì Búsàrí, àbúrò bàbá mi, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Wagadugu, olú ìlú Burkina Faso. Ó ti ta aṣọ níbẹ̀ rí nígbà èwe rẹ̀. Bó bá ti jẹun alẹ́ tán, á ní, "Ìlú kan wà tí ooru ti ń lé ènìyàn jáde nínú yàrá." Ó sọ bí wọ́n ṣe ń sùn sí àgbàlá, ó sọ bí eruku ibẹ̀ ṣe pupa. Ohun kan ló gbàgbé láti sọ, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n ba nǹkan jẹ́ fún àbúrò mi.

Sàláwà lorúkọ àbúrò mi yìí. Aṣọ lòun náà ń tà ní Wagadugu. Àdúgbò Bilbalogo, nítòsí ọjà ńlá, ló háyà ilé sí, òun àti ìyá wa tí ẹsẹ̀ ń dùn. Onílé ní òun fẹ́ wó ilé náà kí òun tún un kọ́, kí wọ́n kó jáde kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ni Sàláwà bá pè mí lórí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti rí ilé méjì tí agbára mi ká. Gbogbo ohun tí mo kó jọ látìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo fẹ́ kó lé e. Bí mo bá ṣì í yàn, kò sí òmíràn. Ẹ wá bá mi wò ó."

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti gbéra kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Mo gba Kùtọnu, mo gba Lomé, mo wọ Gánà. Ní Kùmásì, wọ́n fi kẹ́nkẹ́ àti ẹja díndín ṣe mí lálejò. Ẹ̀kọ wa náà ni kẹ́nkẹ́, àmọ́ tiwọn kan, ó sì le ju tiwa lọ. Láti ibẹ̀ lọ sókè, títì náà tẹ́jú débi pé mo yìn ín létí awakọ̀.

"Bàbá, ọ̀nà dára," ó fi èdè Hausa dá mi lóhùn, "ìjókòó mi ni kò dára."

Òótọ́ ló sọ, ìbàdí mi jẹ́rìí sí i. Ní Pàgá tó jẹ́ ẹnubodè, mo ṣẹ́ owó sí sẹ́fà. Láti ibẹ̀, igi ń dín kù, ilẹ̀ ń pọ́n sí i, àwọn sójà ń yẹ ìwé wa wò pẹ̀lú sùúrù, títí a fi wọ Patte d'Oie, àdúgbò kan ní Wagadugu. Ẹsẹ̀ ẹyẹ ni orúkọ yìí túmọ̀ sí ní èdè Faransé, nítorí àwọn títì ńlá ya síbẹ̀ bí ìka ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ.

Sàláwà ti gbé moto rẹ̀ wá pàdé mi. Moto ni wọ́n ń pe ọ̀kadà níbẹ̀. Nílé wa, ọkùnrin ló wọ́pọ̀ lórí rẹ̀. Níbẹ̀, ìyá arúgbó ń gun tirẹ̀ lọ sọ́jà.

"Ẹ gòkè, bọ̀ọ̀dá mi."

"Ìwọ ni yóò gbé mi?"

"Ṣé ẹ fẹ́ máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ ni?"

Mo gòkè. A yà jẹ bẹ́ńgà lẹ́bàá ọ̀nà, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n da òróró lé lórí. Ọ̀ọ́dúnrún sẹ́fà ni àwo kan, ó sì yó mi.

Ilé àkọ́kọ́ wà ní Patte d'Oie yẹn gan-an. Títì ọlọ́dà dé ẹnu géètì. Ògiri ga, táìsì ń dán nílẹ̀, omi ẹ̀rọ wà nínú ilé ìdáná. Kí n má purọ́, ojú ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fi wò ó. Mo ti ń rò bí fọ́tò rẹ̀ yóò ṣe rí lọ́wọ́ àwọn ẹbí.

Cissin ni ilé kejì wà. Sàláwà ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀, nítorí náà èmi àti ẹni tó fẹ́ tà á la jọ lọ. Ùsèní lorúkọ rẹ̀, àgbàlagbà kan láti ẹ̀yà Mọ́sì tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Kùmásì, tó sì gbọ́ Hausa bíi tèmi. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ní ọ̀dà. Yàrá kò tóbi, ìta ni ẹ̀rọ omi wà, àmọ́ àgbàlá fẹ̀, igi dongoyárò kan sì ṣíji bo ìdajì rẹ̀. Ògiri tó pààlà pẹ̀lú aládùúgbò kò ga ju àyà ènìyàn lọ.

Lórí ògiri yìí ni obìnrin kan ti yọ sí wa. Awà ni wọ́n ń pè é. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló máa ń jókòó sí lójoojúmọ́, tó ń ta zom-kom, omi ìyẹ̀fun ọkà tí wọ́n fi ata ilẹ̀ sí, tí wọ́n fi ń gba àlejò. Hausa ló sọ, kí n lè gbọ́.

"Ẹrú mi, ta ló ní kó o ta ilé mi?"

"Padà sídìí ìkòkò rẹ," Ùsèní dáhùn, "orí ajá tó ò ń sè ti fẹ́ jóná."

"Àlejò, ṣọ́ àpò rẹ. Adìẹ ni bàbá rẹ̀ ń jí kó tó fẹ́ ìyá rẹ̀."

Ẹnu mi kò lè padé. Nílé wa, bí ẹnì kan bá pe ọmọlúàbí ní ẹrú, àwọn àgbà agboolé méjì ló máa pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo dágbére wéréwéré.

Nírọ̀lẹ́, mo sọ fún Sàláwà pé kó má dé Cissin mọ́. "Ìjà ń bẹ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń pe onílé lẹ́rú, kí ni wọn yóò pe ìwọ?"

Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀rọ̀ mi. Ó mú fóònù láti pe onílé Patte d'Oie. Ìyá tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní ló bi mí léèrè.

"Nígbà tí wọ́n bú ara wọn tán, kí ni wọ́n wá ṣe?"

Mo ronú. "Bí mo ṣe ń lọ, mo rí obìnrin náà tó bu zom-kom fún ọkùnrin náà. Ó mu ún."

"Ó sanwó?"

"Kò san."

"Irú ọ̀tá wo wá nìyẹn?"

Sàláwà gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín sì bò ó. "Bọ̀ọ̀dá mi, èmi ni mi ò sọ fún yín. Mọ́sì ni Ùsèní, Sámò ni Awà. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n jogún ni. Mọ́sì kò gbọdọ̀ bínú sí Sámò, Sámò kò gbọdọ̀ bínú sí Mọ́sì. Níbi òkú pàápàá, wọ́n á ṣẹ̀fẹ̀ títí ọlọ́fọ̀ á fi rẹ́rìn-ín."

Ìyá ní, "Ẹ gbé mi dé ibi méjèèjì lọ́la. Èmi ni mo máa dá wà nílé lọ́sàn-án, kì í ṣe ẹ̀yin."

Ní Patte d'Oie, ó jókòó sínú yàrá, ó ní kí a bọ́ síta kí a pa géètì dé. A dúró, ọkọ̀ ńlá ń kọjá lọ kọjá bọ̀, a kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí a wọlé, ohùn rẹ̀ ti ha.

"Mo ti pè yín, ó ti sú mi," ó ní.

Ní Cissin, ó tún wọ yàrá, ó ké pe Sàláwà. Sàláwà kò tíì la ẹnu tí Awà fi yọ orí sókè lẹ́yìn ògiri, tó ń béèrè ohun tó ṣe màmá. Ó rí mi, ó ní kí n túmọ̀ fún un: "Sọ fún màmá pé mo dúpẹ́. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run kó gbà mí lọ́wọ́ Mọ́sì yìí."

Ùsèní rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ìyá ní, "Ibí ni."

Sàláwà wo ilẹ̀ yàrá. "Mo fẹ́ràn táìsì ilé àkọ́kọ́ yẹn o," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "D'accord," ìyẹn ni pé ó dáa. Ó yíjú sí Ùsèní, ó sọ pé barka, bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ ní èdè Mọ́sì.

Mo padà délé láyọ̀, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi ṣẹ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn báyìí. Nígbà tí Sàláwà pè mí, ó ní moto òun rì sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní kó fún Ìyá ní fóònù kí n kí i. Ó ní Ìyá kò sí nílé, ó wà lọ́dọ̀ Awà, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bú Mọ́sì.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, tó o ti wo táìsì, tó o ti wo géètì ilé tó o fẹ́ rà: bí ìyá rẹ bá ké lọ́sàn-án gangan, ta ni yóò dá a lóhùn?