Àdúgbò Tí Màámi Ti Lọ Dirí

Ọdún tí onílé wa ní Agége ní kí a kó jáde ni ọ̀rọ̀ ilé rírà bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà kò bá wa jà. Ó wọlé tọ̀ wá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó jókòó, ó gba omi mu, ó wá sọ pé ilé iṣẹ́ tí ọmọ òun ń bá ṣiṣẹ́ ti dá a dúró, pé ọmọ náà, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ń bọ̀ wá gba yàrá wa. Ìgbà Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé dé, ni. Lásìkò yẹn, bí wọ́n bá dá ẹnì kan dúró níṣẹ́ ní Ìkẹjà, ẹlòmíràn ni yóò kó ẹrù jáde ní Agége. Ohun tó dùn mí jù ni pé n kò rí ẹ̀bi kankan tí mo lè dá a, bẹ́ẹ̀ inú sì ń bí mi.

Mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò tún ní háyà ilé mọ́ láyé mi. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò lè lé mi jáde níbẹ̀ ni mo fẹ́, mo sì fẹ́ kí màámi bá wa gbé ibẹ̀. Ohun méjì náà nìyẹn. N kò wá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, n kò wá táìlì.

Màámi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá mi wẹ àkọ́bí mi ni, kò sì padà. Bí ó bá ti ń múra àtilọ, oyún mìíràn á ti dé. Bàbá wa ti kú, èmi nìkan sì ni ọmọ obìnrin tí màámi bí. Òun ló ń tọ́jú àwọn ọmọ, nítorí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Orégùn ni mo wà, iṣẹ́ òwúrọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, iṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kì í ṣe pé mò ń ṣe é lóore. Bí màámi kò bá sí nílé, iṣẹ́ mi ti bọ́ nìyẹn.

Ọkọ mi ará Èkìtì ni, akọ̀wé ìjọba ní Aláùsá. Bí ará Èkìtì bá ti gba nǹkan kan gbọ́, o lè máa gúnyán fún un láti àárọ̀ dalẹ́, yóò jẹ iyán náà tán, kò sì ní yí èrò rẹ̀ padà. A fẹ́ da owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa méjèèjì pọ̀, ilé méjì sì ni agbára wa ká. Ọ̀kan wà ní Àgídìngbì. Ilé tuntun ni, wọ́n ti kàn án lórí ṣùgbọ́n wọn ò tíì rẹ́ ẹ, ó ní ọgbà yíká, ó sì ní géètì. Èkejì wà ní Dọ̀pẹ̀mú. Ilé àtijọ́ ni ìyẹn, ó ní pálọ̀ àti yàrá mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú, kànga wà lẹ́yìn, mọ́ṣáláṣí kò sì jìnnà sí i. Owó ilé méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Àgídìngbì ni ọkọ mi fẹ́. Ó ní a lè fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ láti ibẹ̀, òun sí Aláùsá, èmi sí Orégùn, pé bí epo bá tún wọ́n, kí àwọn ará Dọ̀pẹ̀mú máa dúró de mọ́tò. Òótọ́ ni. Ó tún ní ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyẹn náà, òótọ́ ni. Àmọ́ Dọ̀pẹ̀mú ni màámi fẹ́, kò sì fi pamọ́. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ wo ilé náà, a kò tíì wọlé tí obìnrin kan ti rí ilà ojú rẹ̀, tó ti kúnlẹ̀, tó ń bi í pé, “Ìyá, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni yín, àbí? Agboolé wo?” Kí a tó wo yàrá tán, wọ́n ti bá ara wọn tan.

Èmi wá wà láàárín. Bí mo bá gbè sẹ́yìn ọkọ, ìyá mi á dákẹ́. Bí mo bá gbè sẹ́yìn ìyá, ọkọ mi á bẹ̀rẹ̀ àlàyé. N kò mọ èwo ló burú ju èkejì lọ.

Màámi ló ní kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ná, pé òun fẹ́ lọ dirí.

“Dirí kẹ̀?” ni mo wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ń ta ilé, ohun tó máa mú ọjà rẹ̀ yá ni yóò sọ. Alárinà, ohun tó máa jẹ níbẹ̀ ni yóò sọ. Onídìrí nìkan ni kò ní mọ ohun tí mo bá wá. Bí orí èèyàn bá ti wà láàárín itan rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dúró.”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tíì gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń fi irun yẹ ilé wò.

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ máa rẹ́rìn-ín,” ni màámi dá a lóhùn. “Ìwádìí kì í pani.”

Àgídìngbì ló kọ́kọ́ lọ, kí a má baà sọ pé ó ṣe ojúsàájú. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. A rìn títí, a ò rí ibi tí obìnrin kan jókòó sí tó ń dirí fún èkejì. Nígbẹ̀yìn, wọ́n júwe sàlúùnù kan fún wa, onígíláàsì, tí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ọmọbìnrin ibẹ̀ kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, ó wá bi màámi bóyá rítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́ ṣe àbí jẹ́rí kọ́ọ̀lù. Màámi bi mí pé kí ló wí. Mo ní ó ń bèèrè bóyá ẹ fẹ́ kí irun yín máa kán epo sílẹ̀. Kíá ló ti fi ìborùn bo orí rẹ̀ padà. Mo bi ọmọ náà léèrè nípa ilé tí a fẹ́ rà, ó ní Ìyànà-Ìpájà lòun ti ń wá ṣiṣẹ́, òun kò mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò.

“Bí iná bá ń jó,” ni màámi wí bí a ṣe jáde, “orúkọ ta ni wọ́n ń pè níbí?”

Dọ̀pẹ̀mú yàtọ̀. Abẹ́ igi fúrúùtù kan ni onídìrí ibẹ̀ máa ń jókòó sí, obìnrin tó ti wà ládùúgbò náà kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì. Màámi ṣe ṣùkú. Nígbà tó yá, ó tú u, ó lọ ṣe ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ó tún tú ìyẹn, ó lọ ṣe kọ̀lẹ́sẹ̀. Irun rẹ̀ kò pọ̀, ewú sì ti gbà á, iwájú orí rẹ̀ wá ń dán bí àwo, àwọn ọmọ mi sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń fi òrí pa á nírọ̀lẹ́, ó ń ké “yéè”. Mo ní kí ó jẹ́ kí orí náà sinmi. Ó ní ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ wá ilé kì í sọ pé orí ń ta òun.

Bí ó bá ti dé, ìròyìn á ti kún ẹnu rẹ̀. Ó mọ ilé tí omi ń wọ̀ nígbà òjò àti èyí tí omi kì í wọ̀. Ó mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kó jáde, ó mọ ohun tó fà á, ó sì ti dá ẹjọ́ náà. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù ibẹ̀ ti fún un ní àyè láàárín wọn. Mo rí i pé ara rẹ̀ ń yá. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, n kò gbọ́ kí ó máa kọrin nídìí ààrò, ó sì ti tún bẹ̀rẹ̀. Èmi náà bá fọkàn sí Dọ̀pẹ̀mú. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó kùn títí, ó wá gbà pé bí oṣù bá ti parí, a ó lọ san owó.

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, màámi ti Dọ̀pẹ̀mú dé, kò sì sọ nǹkan kan. Ó se oúnjẹ àwọn ọmọ, ó kírun, ó lọ sùn. Mo bi í bóyá orí ló ń fọ́ ọ. Ó ní rárá. Nígbà tí ó di Jímọ̀, kò lọ sí Dọ̀pẹ̀mú. Mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Agége ló lọ, ó sì tètè dé.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ Sátidé ìmọ́tótó. Ìjọba ológun ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rìn kiri láàárọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí oníkálùkù máa tún ọ̀gangan ilé rẹ̀ ṣe, nítorí náà gbogbo wa wà nílé. A ti kó ẹrọ̀fọ̀ gọ́tà tán, ọkọ mi ń fọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tí màámi ní kí àwa méjèèjì wá gbọ́ òun.

“Ilé Dọ̀pẹ̀mú yẹn,” ó ní, “ẹ má rà á.”

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa.

“Ilé ogún ni. Ẹni tó ń tà á fún yín, àbúrò ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Kánò, kò mọ̀ pé ó gbé e sọ́jà. Ó ti tà á fún ẹnì kan rí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé, wọ́n kó ẹrù onítọ̀hún síta, tòun tìyàwó tọmọ. Onídìrí ló ń ròyìn fún mi bí ìyàwó náà ṣe sunkún. Kò mọ̀ pé ọmọ tèmi ló tún fẹ́ kó wọ ibẹ̀.”

“Ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ, Màámi?”

“Àlàmísì.”

“Ẹ sì dákẹ́?” Ohùn mi ti lọ sókè, ọkọ mi sì ń wò mí.

“Mo dákẹ́.” Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. “Ibẹ̀ wù mí. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Mò ń sọ nínú ara mi pé bóyá onídìrí ń ṣàsọdùn ni, bóyá ẹ̀gbọ́n náà ò ní wá mọ́. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo fẹ́ gbébẹ̀, ǹ bá pa á mọ́ra. Àmọ́ ìwọ àtàwọn ọmọ ni wọ́n máa lé. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó ti kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.”

Mo ti ń retí pé kí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ Àgídìngbì rẹ̀. Kò rò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ńtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tòun tọwọ́ tó tutù. Màámi ní kí ó dìde, kí aṣọ rẹ̀ má baà bàjẹ́.

A ṣì lọ bi bàbá àgbàlagbà kan léèrè ní òpópónà náà, kó má baà jẹ́ pé wọ́n parọ́ mọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Bàbá náà kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ilé pọ̀ l'Ékòó.” Ìyẹn náà tó wa. A ra ti Àgídìngbì.

N kò ní bú Àgídìngbì. Ọkọ mi jàre nípa rẹ̀: a ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, ibẹ̀ dákẹ́, ìwé ilé náà sì mọ́. Àwọn aládùúgbò kò ṣe wá níbi. Bí wọ́n bá ń wakọ̀ jáde láàárọ̀, wọ́n á juwọ́ sí màámi lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lẹ́nu géètì wa. Bí gíláàsì bá wà nísàlẹ̀, wọ́n á ní, “Mama, gúdù mọ́nìn.” Kí màámi tó dáhùn, kó tó bi wọ́n pé àwọn ọmọ ńkọ́, ọkọ̀ ti lọ. Ó ṣì ń wọkọ̀ lọ sí àsàlátù ní Dọ̀pẹ̀mú. Nígbà tí epo wá wọ́n, tí orúnkún rẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò lọ mọ́. Ọkọ mi ra rédíò fún un. Mo wọlé lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí olóòtú ètò kan ní, “Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin èèyàn wa,” tí màámi sì dá a lóhùn láti yàrá pé, “Ẹ kú ọ̀sán, ilé ńkọ́?”

Kò ráhùn rí, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú. Ẹni tó bá ráhùn, èèyàn á rí ohun tó máa sọ fún un. Nígbà tó yá, àbíkẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ iléèwé, ilé iṣẹ́ wa sì fagi lé iṣẹ́ òru nítorí pé ọjà ò tà. Kò sí ohun tó tún so ó mọ́lẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn Iléyá, ó ní òun fẹ́ lọ wo ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá a di ẹrù. Nígbà tí mo rí i tó ń fi búútà àlùwàlá rẹ̀ sáàárín aṣọ, mo mọ̀ pé kò ní padà.

Ní gáréèjì Agége, kí ọkọ̀ tó kún, mo bi í.

“Màámi, kí la fi ṣe yín? Kí ni kò dáa nínú ilé yẹn?”

Ó di ọwọ́ mi mú. “Ilé yín dáa. Ẹ ó pẹ́ níbẹ̀ lágbára Ọlọ́run. Kò kàn sí ẹni tí mo lè bá jà níbẹ̀ ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ sì gbéra. Mo padà sí Àgídìngbì. Mo ṣí géètì, mo tún un tì, mo wọ pálọ̀, mo jókòó tèmi ti báàgì lọ́wọ́. Ilé tèmi ni, ẹnikẹ́ni ò lè lé mi jáde níbẹ̀. Mo sunkún títí àwọn ọmọ fi ti iléèwé dé.