Títì Tó Gba Àárín Ilé Wa Kọjá

Iṣẹ́ ètò ìlú ni mò ń ṣe ní Òṣogbo, àmọ́ mi ò tíì rí máàpù kan tó ya ilé wa bó ṣe yẹ. Lójú àwọn tó ń ya máàpù, agbo ilé méjì ló dojú kọra ní Ìlobù, tí títì tó lọ sí Ìfọ́n wà láàárín. Irọ́ gbuu! Agbo ilé kan ṣoṣo ni. Nígbà ìjọba òyìnbó ni wọ́n fa títì gbọọrọ kí mọ́tò lè ráyè kó kòkó, wọ́n sì là á gba inú àgbàlá wa kọjá. Àwọn bàbá wa ò kó lọ. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá ni.

À ń sọdá títí dòní. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó dàgbà jù nílé, ń gbé ní òdìkejì, kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó wá wo bí a ṣe jí. Ìyàwó tuntun gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà níhà méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe nígbà tí wọ́n mú un wá láti Ìfọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Ó fẹ́ mọ fẹ́ǹsì, kó fi géètì sí i, bíi tàwọn ilé tí òyìnbó fi sílẹ̀ l'Óṣogbo. Ó ní eruku àti ariwo ti sú òun, kí n bá òun ya pílánù rẹ̀. Mo ní mi ò yà á. Inú bí mi gan-an.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa dé, ó wo búlọ́ọ̀kù náà títí.

"Tẹ́ ẹ bá ti géètì, ṣé kí n wá máa kan ilẹ̀kùn nílé bàbá mi ni?"

Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Búlọ́ọ̀kù ọ̀hún la fi mọ pèpéle, ọ̀kan níhà ìhín, ọ̀kan níhà ọ̀hún, wọ́n dojú kọra.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, a jókòó síbẹ̀, màmá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ń rọra sọdá padà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan fọn fèrè, awakọ̀ yọrí síta.

"Ìyá, ẹ kúrò lójú títì!"

Màmá dúró sáàárín. "Títì wo? Àgbàlá bàbá mi lo wà."

Ọkùnrin náà wo àwa tá a jókòó lápá ọ̀tún, ó wo àwọn tó jókòó lápá òsì. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ kúulé o, mà."

"Káàbọ̀, ọmọ mi."