Ìṣirò Tí Kò Ka Màmá

Nínú yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn, níbi tí ooru áyọ́ọ̀nù ti ń mú ojú ènìyàn pọ́n láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Ṣírò-kí-o-tó-rà ni wọ́n ń pe obìnrin yìí. Kì í ṣe ahun o. Kò kàn fẹ́ràn gbèsè ni. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ra bàtà àwìn, yóò ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, ọjọ́ owó oṣù ń bọ̀ wá bá wọn. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ náà sì mú. Aṣọ ibùsùn tó bá fi áyọ́ọ̀nù lọ, eṣinṣin á yọ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ìyá wọn ń gbé. Ilé náà dára, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tọkọtaya á jáde lọ síbi iṣẹ́, wọn á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ màmá títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí ó ti jáde rí lẹ́ẹ̀kan tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Lọ́jọ́ kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ lọ kí i, ojú fèrèsé ló ti rí i. Màmá gbé àwo òfìfo lé itan, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ó pinnu pé òun yóò mú ìyá òun sọ́dọ̀, ohun tó bá gbà ni òun yóò fún un.

Yàrá kan ṣoṣo tó ní, àjà kẹta ló wà, ẹsẹ̀ màmá tó wú kò sì lè gun àtẹ̀gùn. Ó di dandan kó gba yàrá méjì nísàlẹ̀, kó sì máa sanwó fún ẹni tí yóò jókòó ti màmá bí òun bá lọ síbi iṣẹ́. Ṣé owó ìfọṣọ á ká a? Ìbéèrè yìí ló gbé e dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ilé ìwòsàn ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ènìyàn ṣe ń ṣètò owó rẹ̀. Wọ́n ní kó kọ orúkọ nǹkan sínú àpótí apá òsì, kó kọ iye rẹ̀ sínú ti apá ọ̀tún, kó wá kọ fọ́múlà sísàlẹ̀, ẹ̀rọ náà á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á sì yọ ọ́ kúrò nínú owó oṣù. Nígbà tó rí i tí òǹkà ìsàlẹ̀ yí padà fúnra rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ méjì ti yọ.

Ó kọ owó ilé, ó kọ iná, ó kọ ọkọ̀ àti ọṣẹ. Nígbà tó kan ti ìyá rẹ̀, ó dúró díẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, a kì í mẹ́nu kan nǹkan àgbà láìfi ọ̀wọ̀ sí i. Kó kọ òǹkà lásán, lójú tirẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń díye lé ìyá rẹ̀. Nítorí náà, nínú àpótí iye gan-an, ó kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "12000, ti Màmá wa." Ti oògùn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló kọ ti oúnjẹ, ti dókítà, ti ẹni tí yóò jókòó tì í. Ó wo ìsàlẹ̀. Owó ṣẹ́ kù, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í bóyá ó dá a lójú, nítorí arúgbó kì í ṣe ẹrù tí à ń gbé sókè sódò. Ó ní bí màmá bá fi lè padà wá, kò ní kúrò nílé òun mọ́ láéláé. Àbúrò fèsì pé òun ti ṣírò rẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í parọ́.

Màmá dé. Wọ́n gbé àga rẹ̀ sídìí fèrèsé tó kọjú sí títì, ó ń kí ẹni tó ń lọ, ó ń kí ẹni tó ń bọ̀. Láìpẹ́ ó mọ orúkọ ajá àdúgbò ju orúkọ ọmọ rẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ yá, ó sì padà ń rẹ́rìn-ín. Inú ọmọ rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù ń bà á.

Ṣùgbọ́n owó kì í dé àárín oṣù. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, ó fo oúnjẹ ọ̀sán. Bó bá ṣí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á ní owó ṣì kù. Níbo ló wà? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìyá aládùúgbò tó ń jókòó ti màmá. Ó bi í ní ìbéèrè tí kò yẹ kéèyàn bi ọmọlúàbí, obìnrin náà sì bínú lọ, kò padà, ó di dandan kó wá ẹlòmíràn. Ṣírò-kí-o-tó-rà wá yáwó. Ó yá òmíràn láti fi san án. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Nígbà tí onílé fún un ní ìwé pé kó kó jáde, ó gbé kọ̀ǹpútà náà tọ akọ̀wé owó ilé ìwòsàn lọ.

Ọmọkùnrin náà wò ó, ó tún wò ó.

"Mà, ẹ̀rọ yìí ò ka ìkankan nínú ti màmá yín."

"Báwo ni ò ṣe kà á? Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mọ́ òǹkà nínú àpótí kan náà. Tó bá ti rí ọ̀rọ̀, á fò ó ni. Lójú tiẹ̀, màmá ò ná yín ní nǹkan kan."

Akọ̀wé náà ń pa "ti Màmá wa" rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń pa á ni òǹkà ìsàlẹ̀ ń já wálẹ̀, títí tó fi wọ gbèsè. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, kò yí padà. Láti ọjọ́ tí màmá ti dé ni owó náà kò ti tó, kò sì lè tó láé.

Obìnrin náà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin náà wá lọ́jọ́ Sátidé, kò bá a wí, kò sọ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Ó kàn gbé báàgì ìyá wọn sínú ọkọ̀. Màmá rọ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, Màmá. Ẹ ò ṣẹ̀ mí."

"Kí ló wá dé?"

Ó ní ìṣirò ni, òun ṣì í ṣe.

"Ìṣirò lásán?" Ojú màmá tàn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. "Tún un ṣe nígbà náà."

"Mo ti tún un ṣe, Màmá."