Ata Tí Kò Jinná
Ẹ̀gbọ́n tí a jọ gbé yàrá ní Abu Shagara, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, kí ọdún 2000 tó dé, lọ́rọ̀ kan tí kì í tán lẹ́nu rẹ̀: “Ata tó bá ṣì ń kan ò tíì jinná.”

Lọ́jọ́ kan, ó ra ata Mẹ́síkò tí wọ́n rẹ sínú fínígà. Ó fẹ́ fi se ẹ̀wà tí wọ́n ń wé sínú búrẹ́dì pẹlẹbẹ, bí wọ́n ṣe yà á sára ìgò. Ó dín ata náà títí èéfín fi lé àwa méjèèjì jáde. Ó ṣì ń kan.

“Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.”

“Khalas! Ó tó! Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ata dídín?”

Ó ti padà sí Èkó tipẹ́. Ata tútù kún ọjà níbí báyìí, àmọ́ ata inú ìgò yẹn ni mo ṣì ń rà, tí mo ń dín, títí èéfín á fi lé èmi nìkan jáde.